Àlejò Tí Kò Sọ Pé "Á Gba Ibi Ire"

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ìyá Àgbà fẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn ọmọ agbo ilé ká ẹsẹ̀ jọ sórí ẹní níwájú rẹ̀.

"Àlọ́ mi dá lórí obìnrin kan tí ń jẹ́ Àrìnpé, àti ẹnìkan tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tí ó sì wá jẹun nílé rẹ̀."

"Ta ni, Ìyá Àgbà?"

"Ẹ ṣe sùúrù."

Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọmọlúàbí níbẹ̀. Láràárọ̀, gbogbo obìnrin ìlú náà a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a máa gbá àgbàlá: ṣà, ṣà, ṣà. Ewé kan kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lórí ilẹ̀. Wọn a kó ewé jọ, wọn a kó èèpo iṣu lé e, wọn a ṣáná sí i.

Kò sí ẹni tí àgbàlá rẹ̀ mọ́ tó ti Àrìnpé. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin ẹ̀fọ́ sí i, ẹ̀fọ́ náà a hù, a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a sì kú.

"Áà! Kí ló ṣe é?"

Ohun tí Àrìnpé náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́wé gbòòrò tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó gbìn ín, ó kú. Ó tún gbìn ín, ó tún kú. Ìwọ̀nba tí ó kù, tí ó so mọ́ etí aṣọ rẹ̀, kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bí èyí náà bá kú, ẹ̀fọ́ ìyá rẹ̀ parẹ́ láyé nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á láti gbìn ín. Ẹ̀rù sì ń bà á láti fi í pamọ́, kí ó má baà gbó jù, kí ó má lè hù mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, òjò winniwinni ń rọ̀. Àrìnpé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi epo jẹ iṣu. Ilẹ̀ ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan sì yọrí jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ekòló ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń jẹun, tí ẹlòmíràn yọ sí i, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Àrìnpé wí pé, "Ẹ wá bá wa jẹun o."

"Kí ni wọ́n sì máa ń dáhùn, ẹ̀yin ọmọ?"

"Á gba ibi ire o!"

Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni Ekòló dàgbà sí. Ẹnikẹ́ni kò pè é jẹun rí, kò mọ èsì.

"Ó dára, mà," ni ó wí. "Mo ti dé. Ebi ń pa mí, ó sì ń pa àwọn ará ilé mi."

"Yéè! Ó gbà!" Àyọ̀ká, tó kéré jù nínú àwọn ọmọ, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó mà gbà lóòótọ́. Àrìnpé wo àwo rẹ̀, ó wo Ekòló. Ó ti sọ̀rọ̀, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó bu iṣu fún un.

"Rárá, mà. Epo àti iyọ̀ inú ìyẹn yóò bó wa láwọ. Èèpo iṣu ni tiwa, àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ewé gbígbẹ tí ẹ ń sun láràárọ̀. Ẹ tẹ́ èèpo sórí ebè ẹ̀fọ́ yín, ẹ fi ewé bò ó, ẹ wọ́n omi sí i. Oòrùn kì í jẹ́ ká jẹun."

"Ṣé kí n wá sọ àgbàlá mi di ààtàn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, mà."

Àrìnpé kó èèpo, ó kó ewé, ó tẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ewé, ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òjò lórí aṣọ:

Ilẹ̀ ń jẹun o —
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́!*
Ewé tó já sílẹ̀ —
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́!*
Ẹ má mà sun ún o —
*Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́!*

Àwọn ọmọ gbe orin náà títí ohùn wọn fi rọ̀ wálẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Adérẹ̀mí, aládùúgbò rẹ̀, yọjú. "Àrìnpé! Ṣé ara rẹ ò yá ni, àbí ìgbálẹ̀ rẹ ló sọnù? Wá yá tèmi o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ pe àwọn ẹlòmíràn wá rín in.

Àgbébọ̀ adìẹ náà sáré dé. "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n bá ọ tú u ká. Mo gbọ́ pé àlejò wà lábẹ́ ibẹ̀, mo kàn fẹ́ kí i ni."

"Mo mọ irú ìkíni rẹ," ni Àrìnpé wí. "Ẹni tí o bá kí kì í dáhùn mọ́." Ó kó ẹ̀gún yí ebè náà ká.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Bí ó bá ń kọjá, àwọn obìnrin a dákẹ́. Ní òwúrọ̀ kan, ó sú u. Ó gbé ẹ̀yinná sínú àpáàdì, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tún gbọ́ ọ: jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ṣé Ekòló ni, àbí ìró ẹ̀jẹ̀ ara òun fúnra rẹ̀ ló ń dún létí rẹ̀? Kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹni tó pe àlejò jẹun kò gbọdọ̀ fa àwo gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó da omi sí ẹ̀yinná náà. Ṣàà!

Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Òkìtì ewé náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ekòló yọrí. "A ti yó, mà. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀." Àrìnpé ti ọwọ́ bọ ebè. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó ń ta sánsán bí òjò àkọ́rọ̀. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó wọ́n gbogbo irúgbìn náà, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá Àgbà?"

Gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò lè jẹun, kò lè jókòó. Àfi ìgbà tí ó jí lówùúrọ̀ kan, tí ó rí àwọn ewé pupa tíntìntín, bí èékánná ọmọ ọwọ́, tí wọ́n bo ebè. Wọ́n dàgbà, wọ́n gbòòrò. Ó já díẹ̀ sè, ó jẹ́ kí ìyókù so títí wọ́n fi gbó.

Ìyá Adérẹ̀mí wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. "Àrìnpé, kí lo fi ṣe é?"

"Mo fún ilẹ̀ ní oúnjẹ ni, mà. Ẹ tẹ́wọ́." Ó da irúgbìn sí i lọ́wọ́, ó kún un ní àkúnwọ́sílẹ̀. Ìyá Adérẹ̀mí pa ọwọ́ dé. Ó wo àgbàlá tirẹ̀ tó ń dán, tí kò sí ewé kan níbẹ̀. Ó gba ilé lọ, ó sì rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ yìí kọ́ wa pé ilẹ̀ tí ń bọ́ wa náà ń jẹun. Ẹ má sun oúnjẹ rẹ̀. Ìmọ́tótó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó já sílẹ̀ ni ìdọ̀tí.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi gbàgbé orúkọ yín. Bí n kò bá purọ́, kí ẹni tí mo bá pè dáhùn. Àyọ̀ká!

"Mà!"