Láòyè Tí Kì Í Gbàdúrà

Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ abúlé wa, Morádékẹ́ opó ló kọ́kọ́ mú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ìyá Ìjọ kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jọ sílé láti gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ọkàn òun fúnra rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá dijú, á tún là á. Bó bá kúnlẹ̀, á tún dìde lọ síbi fèrèsé.

Ibẹ̀ ló ti rí Láòyè agbẹ́kànga, ẹni tó máa ń sọ ní gbangba pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Ó gbé omi tó fi iyọ̀ àti ṣúgà pò, ó ń lọ sílé Morádékẹ́.

Ìyá Ìjọ sáré jáde bá a. "Láòyè, ìwọ tí o ò retí ọ̀run, kí lò ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ìyá, omi ló ń tọrọ. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà."

Ìyá Ìjọ ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì tẹ̀ lé e wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi tọ́jú Morádékẹ́ títí ara rẹ̀ fi yá.

Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn obìnrin bi Ìyá Ìjọ pé kí ló pa á pọ̀ mọ́ aláìgbàgbọ́.

Ó ní, "Ìwà lẹ̀sìn. Ogójì ọdún ni mo ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ọjọ́ tí mo wọ yàrá yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin Ọlọ́run."