Bí Ìjàpá Ṣe Ra Agbada Irin Ọ̀yà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gba ẹ̀yìn ààrò kọjá, kò dúró níbì kankan àfi lẹ́sẹ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ la etí yín dáadáa, nítorí etí ló wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún kan, iná ìgbẹ́ jó oko Ọ̀yà. Gbogbo iṣu tó wà nínú abà rẹ̀ ló jóná. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì tó ẹni tí ń roko, òjò sì ti ń ṣú. Kò ní èbù tí yóò gbìn. Ohun kan ṣoṣo tí iná náà kò rí ṣe ni agbada irin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Agbada náà nípọn, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn. Ọ̀yà gbé e síta pé òun fẹ́ tà á.

Ìjàpá ń kọjá lọ, ó rí i. Ó mọ agbada tó dára. Kò yà. Ilé ló gbà lọ tààrà.

"Yánníbo, lọ bá mi ná agbada Ọ̀yà. Igbá ẹ̀pà kan ni kí o pè é."

"Igbá ẹ̀pà kan? Ojú á tì mí!"

"Gbé ojú náà sílé kí o tó lọ."

Yánníbo lọ, ó dá igbá ẹ̀pà kan lé e. Omi bọ́ lójú Ọ̀yà. Kò pẹ́ ni Ìjàpá náà yọ, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìyá Ọ̀yà, ẹ kú ọ̀rọ̀ iná o. Kí ló ń pa yín lẹ́kún?"

"Bàbá, ìyàwó yín ló fi igbá ẹ̀pà bú mi."

"Yánníbo? Ẹ má dá a lóhùn, kò mọ ọjà í rà. Èmi á fún yín ní apẹ̀rẹ̀ iṣu kan. Ẹ wo bó ṣe pọ́n. Irin tó bá ti dípẹtà báyìí ti kú ni. Àánú yín ló kàn ń ṣe mí."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀pà, apẹ̀rẹ̀ iṣu tóbi lójú Ọ̀yà. Ó gbà á. Ó tún dúpẹ́.

Ìjàpá gbé agbada délé. Ó ti gbọ́ pé Ìyá Ehoro, alákàrà, ń wá agbada rà.

Yánníbo ní, "Iyanrìn àti epo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló fẹ́ dúró de díẹ̀díẹ̀?"

Ìjàpá kó igi jọ, ó koná mọ́ agbada náà títí ó fi pọ́n bí ẹ̀yinná, kí ìpẹtà lè jó dànù. Ó wá bu omi odò tútù, ó dà á sí i lórí. Kàù! Agbada sán láti etí dé ìdí.

Ìjàpá káwọ́ lérí. Nígbà tó yá, ó wá ìda oyin, ó fi dí ojú sísán náà, ó fi èédú àti epo pa á. Agbada ń dán yanran.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e lọ sílé Ìyá Ehoro. Ọ̀yà wà níbẹ̀, ó ń bá Ìyá Ehoro lọ ẹ̀wà kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí jẹ.

"Ìyá alákàrà, ẹrù iṣu mẹ́wàá péré!"

Ìyá Ehoro gbé agbada kalẹ̀, kò mì. Ó gbé e wò, ó wúwo.

"Ó jókòó dáadáa, ó sì nípọn. Irú èyí tó ẹrù iṣu mẹ́ta, ì báà dípẹtà. Ìpẹtà á kúkú fọ̀ kúrò."

Ọwọ́ Ọ̀yà dúró lórí ọlọ.

Ìyá Ehoro na ìka láti kan agbada náà. Kíá, Ìjàpá gbé orin:

Agbada mi rèé o,
Gbinrin!
Ó ń dán bí oòrùn,
Gbinrin!
Ẹ má fọwọ́ kàn án o,
Gbinrin!

Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbè é. Ìyá Ehoro sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, Ìjàpá dákẹ́. Ìyá Ehoro tún na ìka, Ìjàpá tún gbé orin.

Ìyá Ehoro na etí rẹ̀ méjèèjì sókè. "Ìjàpá, orin yín dùn. Ó tó, ẹ jẹ́ kí agbada náà kọ tirẹ̀."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó fi ìka kàn án.

Pò.

"Háà! Agbada tó lera kì í dún báyìí."

"Òtútù ló mú un," ni Ìjàpá wí. "Ẹ gbé e kaná, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀."

Wọ́n gbé e kaná, wọ́n da òróró sí i. Ìda yọ́. Òróró jò sínú iná, iná sì bú gbàmù sí Ìjàpá láyà. Ó fò sẹ́yìn, ó já sínú ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ti fi ata rodo sí. Ó ń pariwo, "Ojú mi o! Ojú mi o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀yà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Agbada ìyá mi nìyí. Kò sán nígbà tí mo tà á."

Àwọn àgbà ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pàṣẹ kí Ìjàpá san iṣu tó kù fún Ọ̀yà títí owó agbada yóò fi pé ẹrù mẹ́ta. Abà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọ̀yà rí èbù gbìn kí òjò tó dé. Wọ́n dá agbada tó sán náà padà fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbé e mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó gbé e fún alágbẹ̀dẹ láti tún un ṣe.

Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò irin ògbólógbòó ti máa ń fi ìka kàn án kí ó tó ná an, tí á sì ní kí ẹni tó ń tà á dákẹ́ ná.

Àlọ́ mi ti délé, ó ti jókòó. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lọ́ lọ́la. Bí n kò bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ó máa yọ̀ geere lẹ́nu mi.