Adìẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Pupa ní Ẹbu Fádíràn

Àwọn ará Ìdí-Ìyeyè máa ń sọ pé, "Bí o bá ń wòkè nítorí ẹyìn, máa wolẹ̀ nítorí epo." Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Orí ọ̀pẹ ni ẹyìn wà, inú ẹyìn ni epo sì ti ń jáde. Kí wá ni ènìyàn ń wá nílẹ̀? Bó ṣe jẹ́ nìyí.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé náà tó ń jẹ́ Fádíràn. Òun ló ni ẹbu epo tó wà lẹ́bàá odò. Ó mọ ọ̀pẹ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀kẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti obìnrin márùn-ún mìíràn ló ń ṣa ẹyìn, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n fi òkúta àti amọ̀ mọ.

Lọ́dún kan, epo bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹyìn tó ń kún ìkòkò mẹ́fà tẹ́lẹ̀ kò kún mẹ́rin mọ́. Àwọn alájàpá tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kò bá èyí tó tó wọn rù, wọ́n sì ń yà sí abúlé kejì. Àwọn obìnrin ẹbu, tó jẹ́ pé epo ni wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààbọ̀.

"Ẹyìn ni kò tó," Fádíràn wí. "Màá kọ púpọ̀ sí i."

Àwẹ̀ró ní, "Baba Ọdúnọlá, èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nílẹ̀. Ó ti ń bu. Ẹ jẹ́ ká wo ẹkù yìí ná."

"Àwẹ̀ró, ojoojúmọ́ lo máa ń ní kí n wo nǹkan kan. Ẹyìn ni mo ń lọ wá." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Bó ṣe ń ti orí ọ̀pẹ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, títí wọ ìgbà òjò tí ara ọ̀pẹ ń yọ̀, tí àwọn akọpẹ yòókù ti gbé igbà wọn kọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, igbà tú, ó sì já bọ́. Itan rẹ̀ dá.

Oníṣègùn tó bá a to eegun náà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Yàrá sú u. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹbu kí òun lè máa gbóhùn ènìyàn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn ẹkù, níbi tí kì í dé nígbà tí ara rẹ̀ le, torí pé bó bá ti ju ẹyìn sílẹ̀ báyìí, igbó ló máa ń yíjú sí.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ wọn pọ́n.

"Àwẹ̀ró, ta ló kun adìẹ wa ní osùn?"

Obìnrin náà ń bu epo tó léfòó lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Epo ni. Láti èṣí ni wọ́n ti ń rìn nínú rẹ̀."

Fádíràn fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ẹkù. Amọ̀ ibẹ̀ ti là, epo ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ sì pọ́n láti ibẹ̀ dé etí odò. Ó na ọwọ́ sí ìhá, èèpo ẹyìn tí wọ́n ti fún tí wọ́n sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fún ẹ̀kúnwọ́ kan, epo ro sí i lápá. Ó wo òkìtì ẹyìn tó ti bu, èyí tó kọ kẹ́yìn kó tó ṣubú.

"Èyí lo fẹ́ kí n wò."

"Òun ni."

"Kí ló dé tí o kò pariwo mọ́ mi?"

Àwẹ̀ró wá jókòó tì í. "Orí ọ̀pẹ lẹ wà. Ẹni tó bá ń wòkè nítorí ẹyìn, ó yẹ kó máa wolẹ̀ nítorí epo. Ọ̀rọ̀ tí mo ń fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, ẹ kì í dúró."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Kì í ṣe nítorí itan rẹ̀ nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó tẹ ẹyìn. Amọ̀ ni wọ́n lọ wà. Wọ́n tún ìdí ẹkù mọ, wọ́n sì dúró títí ó fi gbẹ. Láti ìgbà náà, wọn kì í kọ ẹyìn tuntun àfi bí èyí tó wà nílẹ̀ bá tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń fún ìhá kí wọ́n tó fi dáná. Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n bẹ̀ kó máa bá wọn kọ ẹyìn kò lè kọ ju ìdajì èyí tí Fádíràn ń kọ lọ, síbẹ̀ ìkòkò mẹ́fà kún. Àwọn alájàpá padà. Àwọn obìnrin gba ẹ̀tọ́ wọn pé, Fádíràn sì fi ìkòkò kan kún un fún wọn nítorí àwọn oṣù tí wọ́n fi gba ààbọ̀.

Itan rẹ̀ kò tọ́ mọ́, kò sì gun ọ̀pẹ mọ́ títí ó fi darúgbó. Ó máa ń dùn ún bó bá rí ọ̀pẹ tó so dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ọ̀rọ̀ náà yìn ín pé ọlọ́gbọ́n ni, á ní, "Àwẹ̀ró ló sọ ọ́. Èmi ni mo ṣubú kí n tó gbọ́."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ń lé ohun tí kò tíì ní, tí èyí tó ní ń ṣòfò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Ìdí-Ìyeyè á rọra sọ fún un pé: bí o bá ń wòkè nítorí ẹyìn, máa wolẹ̀ nítorí epo.