Ilé Kejìlá Lórí Àlàbọrùn

"Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù." Ojú líle la sábà fi ń pa á fún ọmọ tó ń fi ìwà burúkú ṣeré. Ṣùgbọ́n báwo ni aṣọ èjìká lásán ṣe ń di ẹ̀wù? Àwa ará Ìdí-Òro mọ̀ ọ́n, ọpẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Fadérera, ọmọ ìyá aránṣọ, mọ̀wé dáadáa, àmọ́ tó bá ti rí bébà ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá rẹ̀ sì ti búra: "Tó bá tún fìdí rẹmi, oko ló kù!"

Tíṣà Wúràọlá ronú títí. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ àlàbọrùn rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì, ó fi èédú fa ogún ilé sí i, ìbéèrè kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dáhùn bó ti tọ́, ọmọ ayò rẹ̀ á sún síwájú. Ẹni tó bá ṣì í, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èédú ń parẹ́, ìyá Fadérera fi òwú pupa rán àwọn ilà náà.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ ariwo, ó wọlé.

"Tíṣà, ṣé ayò lẹ wá ń kọ́ wọn ni?"

"Ìwé ni, sà. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ta á wò."

Ọ̀gá jókòó, ó ta á dé ilé kejìlá. Fadérera bi í: "Méje lọ́nà mẹ́jọ, sà?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta!"

"Rárá o, sà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn." Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọwọ́ Fadérera tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wo ìbéèrè àkọ́kọ́: méje lọ́nà mẹ́jọ. Ojú ọ̀gá sọ sí i lọ́kàn, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Nígbà tí èsì jáde, bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Tíṣà. "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ gba èmi àti ọmọ mi lọ́wọ́ ìbúra mi."

Ọyẹ́ dé, kò sì sí nǹkan kan léjìká Tíṣà. Orúnkún àwọn ọmọ ti jẹ etí àlàbọrùn rẹ̀. Ìyá Fadérera gbà á, ó gé ibi tó gbó kúrò, ó fi aṣọ tuntun ṣe apá sí i, ó rán an ní bùbá. Ilé kejìlá bọ́ sí àyà gan-an.

Tíṣà wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, omi ayọ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀gá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilé tó lé e padà lọ́jọ́sí, ó mi orí.

"Tíṣà," ó ní, "bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù."