Ìbọ̀sẹ̀ Inú Àpò

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí Àjàdí fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹyin awó lọ sọ́jà. Ìyàwó rẹ̀ fún un ní ìbọ̀sẹ̀ pé kó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́.

“Bàbá Fọlá, ẹ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.”

“Yóò wà lápò mi. Tí òtútù bá pọ̀, màá wọ̀ ọ́.”

Nígbà tó fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, ìka rẹ̀ ti le gbagidi, kò lè ká mọ́ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ gbé e wọgbó, gbogbo ẹyin fọ́. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ yọ, àmọ́ ìka tí yóò fi wọ̀ ọ́ ti kú.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, inú ilé ló ti wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́, kó tó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyàwó rẹ̀ bá a di ife mú.