Ìbejì Lórí Adágún Káún

"Ìwọ ni kí o ṣíwájú, Táyélolú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ní gbogbo ìgbà?"

"Nígbà tí a wà nínú ìyá wa, ta ló rán ọ pé kí o lọ tọ́ ayé wò? Ṣé èmi kọ́ ni?"

"Ìwọ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo tọ́ ayé wò, mo bú sẹ́kún, ìwọ náà gbọ́ ẹkún, o tún tẹ̀ lé mi wá. Ta wá ni òmùgọ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Ọmọkẹ́hìndé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rín. Oníṣòwò káún ni òun àti ìkejì rẹ̀. Wọ́n ti rìn títí dé ilẹ̀ àwọn òkè oníná, níbi tí òkúta dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èéfín ń rú láti inú ilẹ̀, tí koríko kò sì hù. Láàrin àwọn òkè yìí ni adágún náà wà. Omi rẹ̀ kò ṣeé mu. Oòrùn ti mú kí káún dì bò ó lójú, ó funfun báláú. Òdìkejì ni ojúlówó káún wà, eruku àwọn oníṣòwò mìíràn sì ti ń sọ lẹ́yìn wọn láti àárọ̀.

Ìyá arúgbó kan tó ń wa káún létí adágún gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má gba àárín o. Etí ni àwa ń gbà."

Ọmọkẹ́hìndé dáhùn, "Ìyá, ká tó yí etí ká, àwọn tó ń bọ̀ á ti kó èyí tó dára lọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o. Káún kì í tán."

Táyélolú wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ṣíwájú."

Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Odò tí wọn kò mọ jíjìn rẹ̀, oúnjẹ àjèjì, igbó tó ṣókùnkùn, Táyélolú ló ń kọ́kọ́ dán an wò. Nítorí pé ohunkóhun kò ṣe é rí, Ọmọkẹ́hìndé ti gbàgbé pé ẹni tí a rán níṣẹ́ lè má bọ̀.

Táyélolú bọ́ sórí káún, ó ń fi ọ̀pá kàn án. "Ó le bí orí rẹ!" ló kígbe padà. Ọmọkẹ́hìndé gbé ẹsẹ̀ lé e.

Nǹkan kan dún bí igbá tó là. Táyélolú ti rì dé àyà.

"Dúró níbẹ̀! Má tẹ̀ ẹ́! Abẹ́ rẹ̀ ṣófo!"

"Di aṣọ mi mú!" Ọmọkẹ́hìndé ju aṣọ ìbora rẹ̀, kò dé ibẹ̀. Ó tún sún síwájú, káún sì ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Padà, ẹ̀gbọ́n. O rán mi níṣẹ́, mo ti jẹ́ ẹ. Etí ni kí o gbà."

Ẹrẹ̀ gbígbóná abẹ́ káún padé lé e lórí.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, àwọn oníṣòwò yòókù dé. Olórí wọn, bàbá kan tó ń jẹ́ Olúgbódi, fẹ́ tẹ orí káún. Ọmọkẹ́hìndé dìde, ó dínà fún un.

"Ẹ gba etí, bàbá. Ẹ má tẹ àárín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àbúrò mi ni."

"Òun náà dà?"

Ọmọkẹ́hìndé nawọ́ sí ihò náà. Bàbá náà wò ó títí, ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló darí àwọn ènìyàn rẹ̀ sí etí adágún. Ọ̀rọ̀ tó sọ jáde lẹ́nu bó ti ń fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ ni àwọn àgbà gbà, tí wọ́n sì ń pa lówe títí di òní:

"Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n."