Ìdí Tí Odídẹrẹ́ Fi Ń Sín Gbogbo Ẹ̀dá Jẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí odídẹrẹ́ kò mọ ju ohùn kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ohùn ara rẹ̀, òun ni olùkọ́ gbogbo ọmọ ẹyẹ inú igbó. Inú ihò kan lára igi àràbà tó wà létí odò ni ó ń gbé. Láràárọ̀, àwọn ọmọ ẹyẹ á tò sórí ẹ̀ka tó wà níwájú ihò náà, Odídẹrẹ́ á yọ orí síta, ẹ̀kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò ní wàhálà. Ohun tí olùkọ́ bá sọ ni kí o sọ. Bó bá ní, "Òjò ń bọ̀," gbogbo ọmọ á ní, "Òjò ń bọ̀!" Bó bá ní, "Àṣá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹyẹ," wọn á ní, "Àṣá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹyẹ!" Ẹni tó bá tún un sọ láìṣì, ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó bá ṣì í, olódo ni. Bí Odídẹrẹ́ ṣe pín ayé sí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn.

Ológoṣẹ́ ni aṣíwájú wọn. Kódà bí ẹ bá jí ọmọ yìí lójú oorun, ó lè tún ogún ọ̀rọ̀ sọ láìmí. Bó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, inú Odídẹrẹ́ á máa dùn, á máa mi ìrù pupa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àkókó! Bí wọ́n bá ní kí Àkókó sọ pé òjò ń bọ̀, ahọ́n rẹ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Dípò ọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan igi: kó, kó, kó! Á gbé etí lé igi náà, á ní, "Ìyá, ibí yìí ṣófo. Kòkòrò wà níbẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè kòkòrò?" ni Odídẹrẹ́ á fi jágbe mọ́ ọn. "Olódo!"

Àdàbà náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti gbọ́ pé ohùn ẹni tó jókòó tì í lọ sílẹ̀ díẹ̀, á pa ẹ̀kọ́ tì, á bi í pé, "Kí ló dé? Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀yìn pátápátá ni olùkọ́ fi í sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Odídẹrẹ́ yé ẹyin méjì, ó sì sàba lé wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí ara ìyá tó ń sàba ṣe máa ń kan. Ariwo díẹ̀, ìbínú púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àkókó tún kan igi, kó, kó, kó, ni Odídẹrẹ́ bá fò dìde.

"Jáde! Má sì padà wá síbí mọ́. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú orí tìrẹ!"

Àkókó fò kọjá sí òdìkejì odò, ó sì dun ún gan-an. Ṣùgbọ́n igi kíkàn ti mọ́ ọn lára, ni wọ́n bá tún ń gbọ́ ọ láti òkèèrè: kó, kó, kó.

Odídẹrẹ́ ní òun ò ní gbà. Ó pe àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ bu amọ̀ wá létí odò. Ẹ fi rẹ́ ẹnu ihò yìí, kí n má baà gbọ́ ariwo òpè yẹn mọ́. Ibi tí ṣóńṣó ẹnu mi lè yọ nìkan ni kí ẹ ṣẹ́ kù."

Wọ́n kọ́kọ́ tún gbogbo rẹ̀ sọ láìku ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tó lọ bu amọ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ.

"Ẹ tún rẹ́ ẹ," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ tún rẹ́ ẹ!" ni àwọn ọmọ wí, wọ́n sì tún rẹ́ ẹ. Ìlọ́po méje ni wọ́n rẹ́ ẹ kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń kọ́ wọn láti inú ihò, wọ́n ń ju èso sí i lẹ́nu, kò sì gbọ́ Àkókó mọ́.

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí amọ̀kòkò. Ó pa amọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, amọ̀ di ìkòkò. Ní ọjọ́ kẹrin, inú ihò gbóná bí ààrò. Odídẹrẹ́ ń mí gúlegúle. Ó fi àyà ti amọ̀, kò mì. Ó fẹ́ gé e jẹ, ihò náà há mọ́ ọn lẹ́nu, kò rí àyè la ẹnu. Ní àkókò yẹn gan-an ni ó gbọ́ ohun kan tó ń ta pútú nínú ẹyin lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ fẹ́ jáde! Ẹ̀rù bà á. Bí ọmọ bá jáde sínú ooru yìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Ó kígbe, "Ẹ gbà mí o!"

"Ẹ gbà mí o!" ni gbogbo ọmọ dáhùn.

"Ẹ fọ́ amọ̀ yìí!"

"Ẹ fọ́ amọ̀ yìí!"

"Ẹ̀kọ́ kọ́ nìyí! Ẹ má tún un sọ mọ́!"

"Ẹ̀kọ́ kọ́ nìyí! Ẹ má tún un sọ mọ́!" Ológoṣẹ́ tilẹ̀ fi ohùn ẹkún díẹ̀ kún tirẹ̀, kí ó lè gún régé.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ó tó ẹ̀rín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa Odídẹrẹ́ lẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti ẹyin rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ní, "Háà! Èmi náà ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, Àdàbà kò tún ohunkóhun sọ. Ó na ọrùn. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná! Àbí ẹ ò gbọ́ ohùn yẹn ni? Ìyá wa ń sunkún."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fò kọjá odò, ó bá Àkókó lórí igi gbígbẹ kan, ó ròyìn fún un.

Àkókó yí ẹ̀yìn padà. "Wọ́n ní olódo ni mí. Kí ni olódo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀," ni Àdàbà wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohùn rẹ̀ ń gbẹ. Bí o bá ń bínú, máa bínú bọ̀ lójú ọ̀nà, ká ṣáà ti máa fò."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn.

Àkókó kan amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn orí. Òkúta ni. Ó wá ń kan ara igi yíká, ó ń gbé etí lé e. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi etí lé igi. Bí mo bá kan ibi tó súnmọ́ ẹyin, ẹ kàn án padà lẹ́ẹ̀mejì, kí n má baà fọ́ wọn. Bí ó bá jìnnà sí ẹyin, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan."

Àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbalagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ yìí, àgbà fúnra rẹ̀ ló há sínú kèrègbè. Odídẹrẹ́, tí kò gbọ́ràn sí ọmọ kankan lẹ́nu rí, fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi etí lé igi.

Kó, kó, kó. Ó kàn án padà lẹ́ẹ̀mejì. Àkókó sún sókè. Kó, kó, kó. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Àkókó sún sí ọwọ́ ọ̀tún. Kó, kó, kó. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ibí nìyí! Igi rẹ̀ fẹ́lẹ́," ni Àkókó wí, ó sì dorí bo iṣẹ́. Èérún igi ń dà sílẹ̀, àwọn ọmọ yòókù ń wò ó pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí. Kí oòrùn tó yí, atẹ́gùn ti wọlé, ihò náà sì ti gba orí olùkọ́.

Odídẹrẹ́ yọ orí síta. Gbogbo ọmọ ń dúró de ohun tí wọn yóò tún sọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, wọ́n gbọ́ ọ: kó, kó, kó.

Gbogbo wọn wo Àkókó. Ẹnu Àkókó kò sí lára igi. Inú ihò ni ìró náà ti ń wá. Ọmọ odídẹrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò ní ìyẹ́ lára, tí kò tíì lajú, òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Kó, kó, kó."

Odídẹrẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ń sunkún. "Ọmọ mi kò tíì rí ojú mi," ni ó wí, "ó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí mo lé." Ó yíjú sí Àkókó. "Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣì í."

"Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣì í!" ni gbogbo ẹ̀ka fi ohùn kan wí, Ológoṣẹ́ ló sì pariwo jù. Ẹ̀rín gba gbogbo igi, Àkókó pàápàá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Odídẹrẹ́ kò dúró sínú ihò mọ́. Ó ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, "Tìrẹ ńkọ́? Báwo ni ìwọ ṣe ń mọ nǹkan?" Àkókó ń fi ẹnu kan ìṣirò sára igi. Àdàbà ni wọ́n ń rán lọ bá ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ológoṣẹ́ ṣì ń tún ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Odídẹrẹ́ a sì kọ́kọ́ kọ́ ohùn ọmọ kí ó tó kọ́ ọmọ.

Láti ọjọ́ náà ni odídẹrẹ́ kò ti mọ sí ohùn kan mọ́. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbọ́ ọ dáadáa, ohùn tìrẹ ni yóò sì fi dá ọ lóhùn.

Láti ọjọ́ náà sì ni àkókó ti máa ń kan igi, tí á dúró díẹ̀ kí ó tó tún kàn án. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan wà nínú ibẹ̀ tí yóò kàn án padà.